Ọwọ́ Tí Kò Tètè Dé

Ọjọ́ tí Àǹtí Olókìtì kọ́kọ́ rí ọkùnrin tó padà di ọkọ rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Ó ń tẹ ọmọláńgidi onírọ́bà kan láyà, òógùn ń ro láti iwájú orí rẹ̀, ọkùnrin náà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀.

“Ọmọ yẹn ti kú mọ́ yín lọ́wọ́,” ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. “Ẹ ò jẹ́ kí àyà rẹ̀ gbéra kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.”

Inú bí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń ta òkìtì. Títí dọjọ́ yẹn, ọmọ kankan kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Orúkọ tí àwọn ọmọ fún un ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn aládùúgbò kò mọ èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kó tó kú. Ó gbójú sókè láti dá ọkùnrin náà lóhùn, ó sì rí i pé kì í ṣe orí nìkan ló fi ń wo òun. Gbogbo ara ló fi kọjú sí òun, láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn tó tóbi. Ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Òfin tuntun ló gbé e débẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá mọ òkìtì í ta ló ń kọ́ni, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Lọ́dún yẹn ni ẹgbẹ́ tó ń darí eré náà kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ nínú gbọ̀ngàn òkìtì mọ́ láìní ìwé ẹ̀rí. Òfin náà kan àwọn tó ń kọ́ ọmọ láti tàkìtì, ó kan àwọn tó ń kọ́ ọmọ láti gun èjìká ara wọn kí wọ́n máa kọrin ìwúrí fún agbábọ́ọ̀lù. Olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó bá farapa, kó kọ́ nípa ààbò ọmọdé, kó gba lẹ́tà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pé òun kò ṣe ọmọ ọlọ́mọ níbi rí. Lẹ́yìn náà ló máa wá dúró síwájú olùdánwò, kí wọ́n fi ojú rí i bóyá ó lè gbá ọmọ tó ń já bọ́ mú. Ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń tún un ṣe.

Bàbá rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Bàbá Kóòṣì ni wọ́n ń pe bàbá náà. Òun ló sọ ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan di gbọ̀ngàn, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọ̀pá irin mọ́lẹ̀, tó gé igi tóóró tí àwọn ọmọ ń rìn lórí rẹ̀. Ó béèrè pé, “Ta ló fún ẹni tó kọ́kọ́ fúnni níwèé ní ìwé tiẹ̀?” Ó ní kí ọmọ òun lọ gba tirẹ̀ wá ná, kí òun wo bó ṣe rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà gbà. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, òjò há Àǹtí Olókìtì àti ọkùnrin náà, tó jẹ́ olùdánwò wọn, mọ́ ibùdókọ̀. Olùdánwò náà di ìwé mọ́ àyà, ó dúró sọ́nà jíjìn díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé ó ń sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

“Ṣé gbogbo ènìyàn lẹ máa ń wò báyẹn?” ni obìnrin náà bi í.

“Báwo?”

“Bí ẹni tó fẹ́ fi gbogbo ara bá ènìyàn jà.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ìwé fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọrùn mi ni,” ló wí. “Kì í yí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, orí ọ̀pá irin ni mo wà. Ẹni tó yẹ kó gbá mi mú ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó kàn wẹ̀yìn ni.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀. Obìnrin náà kò mọ ìgbà tó gba ìdajì ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a dì í mú. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé, “ẹ” ti di “o” láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ẹnu ta ló ti kọ́kọ́ yọ̀.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń pe ara wọn lórí fóònù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti lọ, Àǹtí Olókìtì á jókòó sórí fóòmù tó nípọn tí wọ́n ń já bọ́ sí, á máa gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. Ọmọ ogójì ọdún ni ọkùnrin náà, kò gbéyàwó rí. Ó ní òun kì í fẹ́ ṣe ohun tí òun kò lè ṣe dáadáa. Lálẹ́, obìnrin náà á máa ro ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé òun ni nǹkan tí ó gbàgbọ́ pé ó lè ṣe dáadáa, àbí òun ṣì wà lára ohun tó ń dán wò?

Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún ni àbúrò bàbá rẹ̀, aránṣọ tó ń rán ẹ̀wù ìtàkìtì fún àwọn ọmọ, tó sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Aránṣọ náà fi ìdí abẹ́rẹ́ mẹ́rin há ẹnu, ó ń gé aṣọ lọ.

“Àǹtí, mo ti rí ẹnìkan.”

“Mm.”

“Olùdánwò ni.”

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n gún tìmùtìmù kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Èwo nínú wọn? Èyí tó fẹ́ ti gbọ̀ngàn bàbá rẹ pa?”

“Kò fẹ́ tì í pa. Ó kàn fẹ́ kí bàbá mi wá ṣe ìdánwò bí gbogbo ayé.”

“Ṣé ìyàtọ̀ wà ńbẹ̀?”

Aránṣọ wò ó títí, ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Mo máa bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe alárinà láàárín iná àti epo, aṣọ tiẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jó.”

Nígbà tó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, kò lè jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an.

“Ó ní, ‘Ẹni tó ní mi ò mọ ọmọ gbá mú ló tún fẹ́ wá gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi?’ Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kí ọkùnrin náà máa bọ̀. Ó ní ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni kó dán òun wò, kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíràn. Tí òun bá yege, kí ẹ wá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Tí òun kò bá yege, kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà òun láéláé.”

Ohun kan wà tí Àǹtí Olókìtì mọ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọdún kan tí bàbá rẹ̀ ti ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Tó bá ń bọ̀ wálé, èjìká òsì rẹ̀ ni ó máa ń fi gbá àtẹ́rígbà. Lẹ́ẹ̀kan, ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ sí i láti apá òsì láti gba aṣọ inura lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá náà ò sì mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Ó kígbe nígbà tí ọwọ́ kàn án.

Olùdánwò ní tirẹ̀ ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò òun, nítorí òun fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni náà. Wọ́n dá a lóhùn pé kò tíì fẹ́ ẹ, pé kò sí olùdánwò mìíràn nítòsí títí oṣù mẹ́ta, pé gbọ̀ngàn tí ẹni tó ń darí rẹ̀ kò bá ní ìwé lópin oṣù yóò di títì.

“Kí ni kí n ṣe?” ló bi obìnrin náà lórí fóònù.

Ó fẹ́ sọ fún un nípa ojú òsì bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè. Ṣùgbọ́n bí òun bá sọ ọ́, òun ti fi bàbá òun sun kó tó dé iwájú adájọ́. Bí òun kò bá sọ ọ́, ọkùnrin tí òun fẹ́ ni yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

“Ṣe é bí o ṣe máa ń ṣe é,” ló wí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ti dàgbà nínú eré náà ni wọ́n mú wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìdánwò, tó mọ bí a ṣe ń já bọ́ láìfarapa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò fì lórí ọ̀pá irin, ní ibi tó bá wù ú ni yóò ti jọ̀wọ́ ọ̀pá sílẹ̀, kóòṣì kò sì ní mọ̀ ṣáájú. Fóòmù tó ga dé orúnkún wà nísàlẹ̀. Bàbá Kóòṣì bọ́ bàtà, ó fi ṣọ́ọ̀kì ra ọwọ́ kó má bàa yọ̀, ó dúró bí ọ̀dọ́kùnrin. Àǹtí Olókìtì àti Aránṣọ jókòó sórí àga gbọọrọ lẹ́bàá ògiri. Aránṣọ ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lẹ́ẹ̀kíní, ọmọbìnrin náà bọ́ síwájú. Ọwọ́ bàbá náà ti wà níbẹ̀ kí ó tó bọ́, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níkùn, ó gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ẹyin. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ sí ọ̀tún. Ọwọ́ bàbá náà tún dé. Aránṣọ ń mí. Olùdánwò kọ nǹkan sílẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bọ́ sí òsì.

Kò pariwo. Ó bọ́ sínú fóòmù pẹ̀lú ìró rírọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó dìde. Ọwọ́ Bàbá Kóòṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń débẹ̀ nígbà náà. Ọwọ́ méjèèjì wà lókè, wọ́n dúró lórí afẹ́fẹ́ níbi tí ọmọ ti kọjá. Bàbá náà wò wọ́n. Ó wò wọ́n pẹ́.

“Kà á sókè,” ló wí fún olùdánwò. “Kí n gbọ́.”

“Ẹ ò yege, Bàbá.” Ọkùnrin náà pa ìwé náà dé. “Ẹ lè tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí ẹ bá lọ yẹ ojú wò. Ẹ lè máa wà nínú ọ́fíìsì, kí ọmọ yín máa darí gbọ̀ngàn, níwọ̀n ìgbà tó ní ìwé tirẹ̀. Ẹ kàn má fọwọ́ kan ọmọ ni.”

“Kò sóhun tó ṣe ojú mi. O ṣeun.” Bàbá náà wọ bàtà rẹ̀, ó jáde.

Bó ṣe di pé gbọ̀ngàn wà lábẹ́ ìwé Àǹtí Olókìtì nìyẹn, tí ìfẹ́ rẹ̀ sì di ohun tó ń gbé pamọ́ bí olè. Bàbá rẹ̀ ń jókòó nínú ọ́fíìsì, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, á máa gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń já bọ́. Kò bínú sí i. Ìyẹn gan-an ló ń dun obìnrin náà. Ó ń kí i kú iṣẹ́.

Oṣù méjì kọjá. Lọ́jọ́bọ̀ kan, olùdánwò pè é pé òun ti rí ilé kan tí àwọn lè máa gbé, kó wá wò ó. Agogo méjì ni wọ́n débẹ̀. Yàrá mẹ́ta ni, ògiri rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà, kò sí àga kankan níbẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri.

“Tí bàbá rẹ bá kọ̀ títí ayé ńkọ́?” ni ọkùnrin náà béèrè.

“Má bi mí.”

“Mo lè fiṣẹ́ ìdánwò sílẹ̀. Mo rò ó.”

“Ìyẹn ò ní dá ojú padà fún un.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ kó hàn pé ó ti mọ̀ nípa ojú náà tipẹ́. Ọkùnrin náà yí gbogbo ara rẹ̀ sí i. Kò bá a wí. Ó kàn fà á mọ́ra, obìnrin náà sì sunkún bí ọmọdé, ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ibùsùn lè wà, ibi tí tábìlì lè wà. Ìgbà tó wo aago, agogo mẹ́rin ti kọjá pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Agogo mẹ́rin làwọn ọmọ máa ń dé.

Òfin sọ pé tí kóòṣì tó níwèé kò bá sí níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ṣùgbọ́n oòrùn mú lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ mọ́kànlá ló dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń pariwo, “Bàbá Kóòṣì, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa.” Bàbá Kóòṣì ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n kàn máa na ara. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Tata, nítorí bó ṣe ń fò, bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òun sórí ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ti tó oṣù méjì tí ọmọ kankan kò ti bẹ bàbá náà ní nǹkan.

Àǹtí Olókìtì àti olùdánwò wọlé pọ̀. Àwọn ọmọ tó kù tò sẹ́bàá ògiri, wọn kò sọ̀rọ̀. Tata wà lórí fóòmù pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe èyí tó nípọn, ó di ọwọ́ òsì mọ́ ikùn, bàbá náà sì kúnlẹ̀ tì í. Ọrùn ọwọ́ ọmọ náà ti wọ́. Àǹtí Olókìtì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ó fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbé ọwọ́ náà dúró, ó fi aṣọ dì í, ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Tata kò sunkún. Ó ń wo bàbá náà.

“Àǹtí, mo na ọwọ́ sí i,” ló wí. “Mo nawọ́ sí i báyìí. Ṣé kò rí mi ni?”

Àǹtí Olókìtì so aṣọ náà pinpin, ó gbé ọmọ náà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní eegun ti ṣẹ́ níbi méjì, pé yóò jinná, pé yóò tún fò. Ìyá ọmọ náà ń dúpẹ́ pé kì í ṣe ọrùn. Obìnrin náà ò tiẹ̀ béèrè ẹni tó dúró tì í. “Ọmọdé ò lè má ṣubú,” ló ń sọ.

Nígbà tó wọlé tọ ọmọ rẹ̀, Bàbá Kóòṣì fa ọmọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ìyá mi,” ló pè é. Bó ṣe máa ń pè é láti kékeré nìyẹn tí nǹkan bá le. “Wọ́n á ní kí o kọ̀wé nípa rẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Kọ ọ́ pé ìwọ lo dúró tì í.”

“Bàbá.”

“Gbọ́. O níwèé. Tó bá jẹ́ ìwọ, ìṣubú lásán ni. Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè méjì, ó tán. Tó bá jẹ́ èmi, wọn ò ní jẹ́ kí n wọ ibẹ̀ mọ́ láyé. Ọgbọ̀n ọdún, Ìyá mi. Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí.”

Òótọ́ ni. Kò tọrọ nǹkan kan rí. Àǹtí Olókìtì wò ó, ó rí i bó ṣe yí orí díẹ̀ kí ojú ọ̀tún lè rí òun dáadáa. Ó sì rò ó pé ká ní òun dé lágogo mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí àti ọ̀rọ̀ ibi tí tábìlì lè wà.

Ó jáde sí àgbàlá. Olùdánwò dúró sábẹ́ igi kan.

“Sọ ohun tí mo máa kọ fún mi,” ló wí.

“Mi ò lè sọ ọ́.”

“Iṣẹ́ rẹ ni.”

“Iṣẹ́ mi ni, ìdí nìyẹn. Tí mo bá ní kó o kọ òótọ́, èmi ni mo ba bàbá rẹ jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Tí mo bá ní kó o purọ́, mi ò mọ ẹni tí màá jẹ́ lọ́la.” Ó fẹ̀yìn ti igi náà. “Tí o bá kọ ọ́ pé ìwọ ni, mi ò ní kọ́kọ́ yọjú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè mí, tí wọ́n bá bi mí, mi ò ní lè parọ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

“Mi ò bínú sí ẹ. Ìbá dáa ká ní mo lè bínú sí ẹ.”

Ó kọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lórí tábìlì tí Aránṣọ fi ń gé aṣọ. Fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ kò gùn. Ọjọ́ wo, ibo, ọmọ ọdún mélòó. Ìbéèrè kẹjọ ní: *Ta ni ó dúró ti ọmọ náà?* Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún èsì kò ju ìka kan lọ. Aránṣọ jókòó síwájú rẹ̀, kò ránṣọ.

“Tí o bá kọ orúkọ rẹ, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni,” ni Aránṣọ wí.

“Mo mọ̀.”

“Tí o bá kọ tiẹ̀, mi ò ní sọ pé o burú.”

“Mo mọ̀, Àǹtí.”

Ó gbìyànjú láti kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ọmọ yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Bí òun bá kọ orúkọ òun, a jẹ́ pé ìdáhùn tí òun fún Tata ni pé, bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí rẹ rí ọ, ó kàn wò ọ́ tí o ń já bọ́ ni. Àti pé ọmọ mìíràn á tún bẹ bàbá náà lọ́jọ́ kan. Ó fi bírò pa lẹ́tà náà rẹ́. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ó sì fi kún un nísàlẹ̀ pé òun ni kò tètè dé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lẹ́tà ẹgbẹ́ gbà. Wọ́n bá Àǹtí Olókìtì wí, wọ́n ní kó ṣọ́ra, wọ́n fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bàbá Kóòṣì kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn náà mọ́ nígbà tí ọmọ bá wà níbẹ̀. Bàbá náà gbé lẹ́tà náà sún mọ́ ojú ọ̀tún, ó kà á tán, ó ká a, ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ọ̀la yẹn, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀túnla, obìnrin náà kí i káàárọ̀, bàbá náà ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí atẹ́gùn fẹ́ kọjá lára rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, Aránṣọ tún lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Nígbà tó dé, ó jókòó lọ́tẹ̀ yìí.

“Ó ti gbà,” ló wí.

Àǹtí Olókìtì rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

“Ó ní, ‘Ọkùnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí. Àlejò ni, ó wá ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ lójú mi. Kó máa bọ̀, mo fún un lọ́mọ.’ Mo ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ńkọ́?’ Ó ní, ‘Ọmọ wo?’” Aránṣọ nu ojú. “Mi ò ní í lè bá ọ pa irọ́ mọ́ ọn. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.”

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ènìyàn méjìlá ló wà níbẹ̀. Bàbá Kóòṣì wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ ìyàwó ló dúró sí. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó jẹ́rìí, ó jáde, ó fọwọ́ síwèé, ó bọ ọkọ lọ́wọ́, ó gbá a mọ́ra pẹ́. Ó kọjá níwájú ìyàwó, ó lọ jókòó. Gbogbo ènìyàn ló rò pé omijé ayọ̀ ló wà lójú obìnrin náà.

Ọkọ rẹ̀ ló padà mú bàbá náà lọ fún ojú. Ó lọ bá a nílé lọ́jọ́ Ajé mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn kí ó tó gbà. Dókítà ní wọ́n ti pẹ́ jù, pé ohun tó kù nínú ojú òsì náà ni àwọn lè gbìyànjú láti dá dúró. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bàbá náà kò lè dá gbé mọ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì mú un wá sínú yàrá kẹta ní ilé wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni wọ́n ń kán oògùn sí ojú náà. Ọkọ ló ń kán an. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ kò sí nílé, Àǹtí Olókìtì mú ìgò oògùn náà, ó dúró tì í, ó ní, “Bàbá, ẹ gbójú sókè.” Bàbá náà di ojú méjèèjì pinpin, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi gbé ìgò náà sílẹ̀.

Ọkọ àti bàbá jọ ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n jọ ń jiyàn lórí rẹ̀. Láti ibi ìdáná, Àǹtí Olókìtì á gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ tó ti gbàgbé bó ṣe ń dún. Ó fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Tó bá wọlé, á dá.

“Ṣé kí n bá a sọ ọ́?” ni ọkọ rẹ̀ máa ń bi í.

“Kí lo fẹ́ sọ fún un? Pé mi ò ṣe é? Mo ṣe é.”

“Pé o ṣe dáadáa.”

“Ìyẹn ló máa bí i nínú jù.”

Ọdún kan kọjá báyẹn. Tata ti padà sórí ọ̀pá irin, ó tilẹ̀ ti dáa ju tẹ́lẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní pálọ̀. Àǹtí Olókìtì ń tún okùn aṣọ ọmọ kan ṣe nínú àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Bàbá náà yí sí ọkọ.

“Bi í pé ta ló ń dúró ti Tata báyìí.”

“Èmi ni, Bàbá,” ni Àǹtí Olókìtì wí kíá.

Bàbá náà kò yíjú. Ó ń dúró. Ọkọ rẹ̀ wo ojú aya rẹ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “Òun ni, Bàbá.”

“Sọ fún un kó sún mọ́ ọn sí i. Ọmọ yẹn máa ń jọ̀wọ́ ọ̀pá sílẹ̀ kí ìfì rẹ̀ tó parí. Ẹni tó bá dúró jìnnà kò ní bá a.”

Ọkọ dìde. Ó rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin náà, ó tẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀, ojú ń tì í fún gbogbo wọn. “Bàbá ní kó o sún mọ́ ọn sí i.”

“Mo gbọ́. Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́.”

Ó padà sọ́dọ̀ bàbá. “Ó ní òun gbọ́, Bàbá. Ó ní òun dúpẹ́.”

Bàbá Kóòṣì mi orí. Ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kí wọ́n bá òun tan iná. Ibi tí wọ́n ti ń tan iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àǹtí Olókìtì gbé aṣọ sílẹ̀, ó dìde, ó tan iná.

“O ṣeun,” ni bàbá rẹ̀ wí fún ọkọ.